Alẹ́ Èfẹ̀ Ló Ń Ṣáájú Ijó

Ẹni tó bá lọ dífá kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Yóò mú owó tàbí owó ẹyọ dání, yóò gbé e súnmọ́ ètè, yóò sọ̀rọ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí etí kejì má gbọ́, yóò sì gbé e kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin. Orí rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀. Babaláwo á da ọ̀pẹ̀lẹ̀, odù á yọ, ìtàn á máa tẹ̀lé ìtàn, títí ẹni tó jókòó sórí ẹní yóò fi gbọ́ ọ̀kan tó jọ tirẹ̀. Nígbà náà ni yóò dá babaláwo dúró pé ibí gan-an lọ̀rọ̀ òun wà. Bó bá wù ú, ó lè ṣàlàyé. Bí kò bá wù ú, kò sẹ́ni tó máa fi ipá yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn baba ńlá wa fi lé wa lọ́wọ́, ìlànà yìí ló ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ti fipá bá ọmọ kan lò pọ̀. Àwọn àgbà tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó wúwo ju ahọ́n lọ. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ní ìhòòhò. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kó lè jẹ́ pé ẹni tí nǹkan ń ṣe kò ní láti tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹlòmíì kó tó rí ìtọ́jú.

Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń ṣe é nílé. Ìyá yóò bi ọmọ, ọmọ yóò sọ díẹ̀. Wọ́n á pe àbúrò bàbá rẹ̀, wọ́n á ní kó tún un sọ. Wọ́n á pe baálé, wọ́n á pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, olúkúlùkù á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ wo lo wọ̀? Kí lo lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé ẹ ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Kí ló dé tí o kò pariwo? Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn tó ń fa omi nídìí kànga ti mọ̀ ju dókítà lọ.

Ìlú kan tó wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń sọ èyí ni Akpassi. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ Bantè, ní ẹkùn Collines, àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Itcha ló pọ̀ ní ìhà yẹn. Isu, gbágùúdá àti kajú ni oko wọn; gaàrí ìhà Savalou, ìlú tó wà nítòsí, lókìkí dé Kútọnu. Bí ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ bá pé, Savalou á ṣọdún iṣu tuntun, àwọn ọmọ ìlú tó ti lọ jìnnà á padà wálé. Ifá kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Yorùbá ń pè é ní Ifá, àwọn Mahi Savalou ń pè é ní Fá, odù mẹ́rìndínlógún náà sì ni ojú rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ odù tó mú gbogbo rẹ̀ pé 256.

N kò ní sọ ìtàn ọmọ kankan láti Akpassi. Ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn ni. Bí mo tilẹ̀ yí orúkọ padà, wọn yóò mọ ọmọ ẹni tí mo ń wí. Ohun tí mo lè sọ ni bí nǹkan ṣe rí ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ní Benin ní o, ní Nàìjíríà ní o. Ẹni tó bá ṣe é kì í sábà jẹ́ àlejò tó fò jáde láti inú igbó. Ẹni tí ọmọ ń kí ní àárọ̀ ni: olùkọ́ tó ń mákì ìwé rẹ̀, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ aránṣọ tàbí iṣẹ́ irun, ìbátan tó wá sùn sílé, aládùúgbò tí wọ́n ní kó bá wọn mójú tó ilé. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n rán lọ sìn ní ìlú ńlá, tí wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé, tí kò sí ìyá tó lè gbọ́ bí wọ́n bá ké. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọkùnrin wà nínú rẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kì í tilẹ̀ dé etí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2014, ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ló ti rí irú ìfìyàjẹni yìí kí wọ́n tó pé ọdún 18. UNICEF kéde ní 2024 pé àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tó wà láyé lónìí, tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tàbí bà jẹ́ kí wọ́n tó pé 18, lé ní mílíọ̀nù 370, àti pé mílíọ̀nù 79 nínú wọn wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá yọ, àwọn àgbà ilé méjèèjì á jókòó. Wọ́n á ní kí wọ́n yanjú ẹ̀ nílé. Ìdílé ọkùnrin á gbé ọtí, ewúrẹ́ àti owó díẹ̀ wá. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kó kúkú fẹ́ ẹ. Wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n ń tu itọ́ funfun jáde, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sì ni. Òfin Benin kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ọmọdé ti 2015 ka ìgbéyàwó ọmọ tí kò tíì pé 18 léèwọ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 2021 mú ìyà ẹni tó bá fipá báni lò pọ̀ le sí i, ó sì gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú CRIET, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn tó wúwo. Ọdún 2021 yẹn náà ni wọ́n dá Àjọ Orílẹ̀-èdè fún Ọ̀rọ̀ Obìnrin sílẹ̀ ní Kútọnu, tí wọ́n fún un láṣẹ láti dúró ti obìnrin lẹ́jọ́. Òfin ti wà. Àárín Kútọnu àti ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Akpassi ni iṣẹ́ ṣì wà.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí gbogbo àgbà jáwọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn ni kí ló dé tí kò pariwo. Ní Stockholm, ilé ìwòsàn kan wà tó jẹ́ ti àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ bi obìnrin 298 léèrè bí ara wọn ṣe ṣe nígbà tí nǹkan náà ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé ara àwọn kú tipiri: ọwọ́ kò gbé, ẹsẹ̀ kò gbé, ohùn kò jáde. Ara ló ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kò bi wọ́n léèrè. Ẹranko náà ń ṣe é bí ọwọ́ apẹran bá tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí kò pariwo kò gbà fún ẹni tó fipá bá a lò pọ̀. Ara rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú.

Ìṣòro tó tẹ̀lé e ni pé ara tó ti ilẹ̀kùn kì í sábà ṣí i padà nígbà tí ewu bá kọjá. Oṣù á lọ, ọdún á lọ, ọmọ náà á ti dàgbà, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ á ṣì gòkè sí etí bí ẹnì kan bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Òórùn sìgá kan, ohùn kan, òkùnkùn yàrá kan á dá a padà síbẹ̀. Mímí rẹ̀ kì í wọ ìsàlẹ̀ ikùn mọ́. Àwọn kan kì í lè jẹun, àwọn kan kì í lè sùn, àwọn kan á sọ pé àwọn kò mọ ara àwọn lára mọ́, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń gbé inú rẹ̀. Bessel van der Kolk, dókítà ọpọlọ tó kọ ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ lórí rẹ̀ ní 2014, sọ pé bí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ bá dé, apá ọpọlọ tó ń hun ọ̀rọ̀ á rọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ á wá sá fún ẹni náà ní àkókò tí gbogbo èèyàn ń ní kó sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń padà sórí owó tí à ń sọ̀rọ̀ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ẹnu kò bá tíì lè sọ ọ́, ọwọ́ lè sọ ọ́, ẹsẹ̀ lè sọ ọ́, ìtàn ẹlòmíì sì lè bá ẹni náà sọ ọ́.

Iṣẹ́ tí ìtàn ń ṣe lórí ẹní Ifá kò kéré. Babaláwo kì í wí pé ìwọ báyìí, ohun báyìí ló ṣe ọ́. Ó ń sọ ti ẹnì kan láyé àtijọ́ tó sunkún lọ bá awo. Olùgbọ́ ló máa ń rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì lè máa wo ìrora rẹ̀ lára ẹlòmíì, láti ibi tí kò ti ní jó o. Iṣẹ́ ọnà tó dára ń ṣe bẹ́ẹ̀. Peju Alatise, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, ṣe ère àwọn ọmọbìnrin mẹ́jọ tó ní ìyẹ́, ó pè é ní Flying Girls, wọ́n sì gbé e lọ síbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice ní 2017, ọdún tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní ibùdó tirẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó ń jẹ́ Sim ló wà nídìí rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó, tó ń lá àlá ayé mìíràn níbi tí òun ti lè fò. Sim kì í ṣe orúkọ ọmọ kan tí wọ́n lè nàka sí ládùúgbò. Síbẹ̀, ẹni tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí, bó bá dúró níwájú ère yẹn, yóò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Orin náà lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Bukavu, ní Kóńgò, Dókítà Denis Mukwege dá ilé ìwòsàn Panzi sílẹ̀ ní 1999, níbi tó ti ń tún ara àwọn obìnrin tí ogun bà jẹ́ ṣe. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé yàrá kan wà ní Panzi tí wọ́n ti ń gba ohùn orin sílẹ̀. Láti 2015 ni àwọn obìnrin tó wá gba ìtọ́jú ti ń jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú olùtọ́jú ọkàn àti ẹni tó mọ ẹ̀rọ orin, tí wọ́n ń hun orin tiwọn, tí wọ́n ń kọ ọ́, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn padà. Ẹni tí wọ́n ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ wá ń gbọ́ ohùn náà láti inú àpótí, ó dún, ó dùn, tirẹ̀ ni. Ìwòsàn ni mo ka èyí sí, n kò kà á sí eré.

Mo fẹ́ sún mọ́ ilé wàyí. Ìtàn kan wà tí àwọn òyìnbó kọ nípa Yemọja, pé Òrungan ọmọ rẹ̀ fipá bá a lò pọ̀, ó sá, ó ṣubú, omi sì ṣàn láti ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Ellis, tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1894, ọ̀pọ̀ sì ti ń tún un sọ láti ìgbà náà. Pierre Verger, tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu ní 1953 tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, kò gba ìtàn yẹn gbọ́, èmi náà kò sì ní kọ́lé lé e lórí. Ìtàn tí mo fẹ́ lò yàtọ̀. Kò sọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ ara tó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ayọ̀.

Àwọn àgbà ní Yemọja, ìyá gbogbo, wà láìrí ọmọ bí. Ó di ẹkún, ó di ìrònú. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ifá. Ifá ní kó rúbọ. Lẹ́yìn ẹbọ, Ifá kò ní kó wọlé lọ sùn. Ó ní kó gbé ère igi lé orí, kó de irin mọ́ ẹsẹ̀, kó sì jó. Yemọja jó. Inú rẹ̀ sì ṣí. Ó kọ́kọ́ bí ọmọkùnrin, aláwàdà, tí kì í lè pa ẹnu mọ́. Èfẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó tún bí ọmọbìnrin, tó sanra bí ìyá rẹ̀, tó sì fẹ́ràn ijó bí ìyá rẹ̀. Òun ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ìṣòro ìyá wọn yọ sí wọn lára, àwọn náà kò rí ọmọ bí. Ifá ní kí wọ́n lọ ṣe bí ìyá wọn ti ṣe.

Mo ti ń wo ìtàn yìí tipẹ́, àwọn ohun kékeré inú rẹ̀ ló ń mú mi dúró. Irin ẹsẹ̀, fún àpẹẹrẹ. Ẹni tí wọ́n ti pa lára bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń rìn kí ẹsẹ̀ má dún. Ó ń fẹ́ wọlé kí wọ́n má mọ̀, kó jáde kí wọ́n má rí i. Ifá sì wá de irin mọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé kó dún, kí ìlú gbọ́ pé ó wà. Ère náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti rí ijó agọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ọmọbìnrin náà, Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mọ̀ pé orí ni ère ń jókòó lé bíi fìlà, aṣọ ló bo ojú. Ohun tó wúwo wà lókè níbi tí gbogbo ayé ti lè wò ó, ojú ẹni tó rù ú sì wà ní ìkọ̀kọ̀. Ìṣòro tó tẹ̀lé àwọn ọmọ Yemọja náà tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn lónìí mọ̀ pé ìbẹ̀rù tí ìyá kò rí ibi sọ ọ́ sí lè di ti ọmọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọmọ náà. Ó ń gbọ́ ọ lára ìyá rẹ̀, nínú bí ó ṣe ń fà á mọ́ra, nínú bí ó ṣe ń ti ilẹ̀kùn ní alẹ́.

Oníjó kan wà tó mọ irú ijó tó ń ṣí ara bẹ́ẹ̀. Germaine Acogny, tí wọ́n bí ní Benin ní 1944, tí ìyá bàbá rẹ̀ Aloopho sì jẹ́ abọrìṣà ọmọ Yorùbá, ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ara èèyàn bí a ṣe ń kọ́ ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ ijó rẹ̀, École des Sables, wà ní Toubab Dialaw ní Sẹ̀nẹ̀gàl láti 1998. Àjọ tó ń ṣe àfihàn Venice fún un ní Kìnnìún Wúrà fún ijó ní 2021. Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn ni ejò ìyè, àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá, abẹ́ ikùn ni ìràwọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọlé dáadáa. Ibi tí wọ́n ti dójú ti ọmọ náà, ibi tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ, ìràwọ̀ ni obìnrin yìí pè é, ó sì ń kọ́ni bí a ṣe ń mú un tàn.

Kí ijó wá wo ọgbẹ́ sàn, àwọn ohun kan ní láti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti wà láti ìgbà tí Marian Chace ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn aláìsàn ọkàn jó nílé ìwòsàn kan ní Washington ní 1942; àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fún irú ọgbẹ́ yìí kì í fi ìlù kíkan bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú mímí. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹlòmíì láìbéèrè. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ọmọ náà sì mọ̀ pé òun lè jáde nígbà tó bá wu òun. Òun ló ń sọ bí ìlù ṣe máa yá tó. Fún ẹni tí wọ́n ti gba ìpinnu lórí ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó sọ fún onílù pé "dúró" tí onílù sì dúró, oògùn ni. Ẹ̀wẹ̀, ijó lè tú ìrántí sílẹ̀ lójijì, kí ọmọ ṣubú sílẹ̀ tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nítorí náà ẹni tó gba ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ọkàn gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Kí á má sì gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sórí ìtàgé fún àwọn àlejò tó wá pẹ̀lú kámẹ́rà, kí wọ́n lè rí i pé iṣẹ́ ń lọ. Ìyẹn ni kí wọ́n tún bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Gbogbo èyí kò sì tó. Ẹ padà sí ìtàn Yemọja. Ta ló kọ́kọ́ bí? Èfẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ń ṣọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ní Pobẹ̀, ní Sakété, alẹ́ Èfẹ̀ ló ń ṣáájú. Ní òru, nínú ọjà, Èfẹ̀ á jáde, á fi orin sọ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ: ẹni tó jalè, ẹni tó fi ipò rẹ̀ jẹ aláìní níyà, ẹni tó hùwà ìbàjẹ́. Ọlọ́lá kò là nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún ìran ènìyàn ní 2001, gbogbo ayé ń wá ya fọ́tò ijó ọ̀sán. Èmi rò pé òru ni agbára rẹ̀ wà.

Bí à bá ní kí ọmọ jó nígbà tí ẹni tó bà á jẹ́ ṣì jókòó lórí àga láàárín àwọn àgbà, ijó yẹn ti di ìbòjú. À ń ní kó mú inú ara rẹ̀ dùn kí ọkàn tiwa lè balẹ̀. Ìlú ló ní láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń gbé agọ̀ Èfẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń dúró nínú ọjà ní òru kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀. Ẹlòmíì ló ń gba ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, pẹ̀lú àṣẹ gbogbo ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ lè wà nínú ilé ìyá rẹ̀ kó máa gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Bí ọ̀rọ̀ ìpẹ̀yàrun Rwanda náà ṣe lọ nìyẹn. Ní 1998, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dájọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akayesu, ó sì sọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ìfipábánilòpọ̀ lè jẹ́ ara ìpẹ̀yàrun. Ní 2004 ni Acogny àti Kota Yamazaki ọmọ Japan gbé ijó Fagaala jáde lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹjọ́ ṣáájú, ijó tẹ̀lé e.

Àwọn kan á sọ pé àyànmọ́ ni, pé ohun tí ọmọ náà yàn nílé Àjàlá tó ń mọ orí ló bá a dé ayé. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ ọ, pàápàá lẹ́nu ẹni tó wọ ìdè Ifá sọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá orí ni orí yàn, kí ni à ń bọ orí fún? Kí ni à ń rúbọ fún? Ifá mọ ọwọ́ ọmọ aráyé. Ó mọ̀ pé ẹlòmíì lè da ohun rere tí orí gbé wá rú, ìdí sì nìyẹn tí ẹbọ àti ètùtù fi wà. Ohun tí ọkùnrin kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ẹ má gbé e lé orí ọmọbìnrin kan. Nínú odù Ìká Òfún ni Ifá ti ka òfin rẹ̀ fún àwọn àgbà tó wá bèèrè ẹ̀mí gígùn. Wọ́n gbọ́, wọ́n rú u, wọ́n sì kú. Àwọn kan wà lónìí tí wọ́n gba obìnrin tó wá wá ìwòsàn sínú yàrá, tí wọ́n tún dá kún ọgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní òrìṣà ló ní kí àwọn ṣe é, tàbí Ọlọ́run. Babaláwo wà nínú wọn, wòlíì wà nínú wọn, aláfáà wà nínú wọn. Kò sí odù tó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ yẹn. Ilé ẹjọ́ ni kí wọ́n mú wọn lọ bíi ti olùkọ́ àti ọ̀gá iṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò lè fò kọjá. Ọkùnrin ló ń wọ agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkùnrin ló ń ró aṣọ obìnrin, tó ń so ọmú igi mọ́ àyà, tó ń jó kí inú àwọn ìyá lè yọ́. Obìnrin sì ni Ìyálàṣẹ̀, òun ni olórí; bí kò bá fọwọ́ sí i, agọ̀ kò jáde. Láyé tí wọ́n dá a sílẹ̀, kì í ṣe ìrísí lásán. Ọkùnrin ń fi gbogbo ara rẹ̀ sọ pé òun mọ ibi tí òun ti wá, òun kò sì ní lo agbára òun lórí ẹni tó bí òun. Ẹni tó bá wá fi ẹsẹ̀ tó fi jó fún àwọn ìyá lọ́sàn-án tẹ ọmọ ìyá kan mọ́lẹ̀ lálẹ́ ti purọ́ fún wọn.

N kò ní kí Akpassi lọ yá agọ̀ Kétu. Ìlù wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó mọ orin wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ, ní Bantè tàbí ní Savalou, kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn tó ń dènà oyún náà kì í kọjá ọjọ́ márùn-ún. Kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má fọ aṣọ rẹ̀ kí dókítà tó rí i. Kí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó máa gbé ìwé náà lọ sí ibi tó bá yẹ, kí ọmọ má baà tún un sọ fún gbogbo ìlú. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ àgbà ni pé kí ẹjọ́ má kú sí ilé baálé.

Nígbà tí ọdún iṣu tuntun bá sì dé, kí wọ́n má pe ọkùnrin tí ẹjọ́ rẹ̀ wà nílé ẹjọ́ láti wá lu ìlù, kí wọ́n má fún un ní àga. Kí ìyá kan tí ọmọ náà fọkàn tán lọ bá a nílé ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kó bi í bóyá ó fẹ́ wá, ibi tó fẹ́ jókòó sí, ẹni tó fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, àti bóyá ó fẹ́ jó tàbí ó kàn fẹ́ máa wò. Ohunkóhun tó bá fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe.